Lẹ́ẹ̀dì Wo Ló Ń Di Idẹ Mú Mọ́ Irin? Àyẹ̀wò Oríṣi Mẹ́ta

Ẹni tó bá fẹ́ lẹ idẹ tàbí bàbà kékeré mọ́ irin, kó má kàn ra lẹ́ẹ̀dì (irin tí a ń fi iná yọ́ láti so irin méjì pọ̀) tó bá kọ́kọ́ rí lórí àtẹ ní Alábà tàbí Computer Village. Nínú oríṣi mẹ́ta tí wọ́n sábà máa ń nà síni, ọ̀kan péré ló yẹ iṣẹ́ yìí.

60/40 ló pọ̀ jù: tíìnì 60, òjé 40. Ó ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ní dígíríì Celsius 183, ó sì yọ́ tán ní bíi 190. Fún wáyà àti pánẹ́ẹ̀lì rédíò, ó dára gan-an. Àmọ́ òjé rọ̀. Ohun tó ń gbọ̀n tàbí tó ń gbóná kì í pẹ́ tú lára rẹ̀. Pésìtì inú rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń fọ ojú irin kí lẹ́ẹ̀dì lè lẹ̀ mọ́ ọn, kò sì lè fọ irin, ni lẹ́ẹ̀dì fi ń ká jọ bí omi lórí ewé kókò.

Ọ̀pá tí àwọn oní-AC fi ń jó páìpù ló burú jù fún irin. Bàbà mọ́ bàbà, kò lẹ́gbẹ́, kò tiẹ̀ nílò pésìtì. Ṣùgbọ́n phosphorus wà nínú rẹ̀, tó bá sì pàdé irin, ojú ìsopọ̀ yóò gbẹ, yóò máa ṣẹ́. Ẹ ó rò pé ó ti dì, àfi ìgbà tí nǹkan bá gbá a. Ó tún ń fẹ́ ooru tó ju 600 lọ, èyí tó lè ba irin tí wọ́n ti fi iná mú le jẹ́.

Èyí tó ní fàdákà la fọwọ́ sí: tíìnì 96, fàdákà 4. Ó ń yọ́ ní nǹkan bí 221, kò sì ní òjé. Òun kan náà ni àwọn tó ń tún ìbọn ṣakabùlà ṣe ní Amẹ́ríkà fi ń lẹ irin ìfojúsùn mọ́ ọ̀pá ìbọn, nítorí ó lágbára ju 60/40 lọ láìjẹ́ pé ooru rẹ̀ ba irin jẹ́. Ó wọ́n, ó sì ń fẹ́ wíwá. Ẹ fi í họ pépà funfun kẹ́ ẹ tó sanwó; bó bá fa ìlà dúdú bíi pẹ́ńsùlù, òjé ti pọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ fi sánpépà 120 ha ojú irin títí yóò fi funfun, kẹ́ ẹ sì jó o lọ́jọ́ náà. Ásíìdì pésìtì oní zinc chloride ni kẹ́ ẹ fi pa á. Ẹ kọ́kọ́ fi lẹ́ẹ̀dì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ojú méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ dì wọ́n pọ̀. Irin tó tóbi ni kí iná máa bà, kì í ṣe lẹ́ẹ̀dì. Ibi tó gbóná ni lẹ́ẹ̀dì ń ṣàn lọ. Bí pésìtì bá ti dúdú, iná ti pọ̀ jù: ẹ yọ ọ́, kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ má mì ín títí yóò fi dì.

Ẹ fi omi gbígbóná àti báékìn sódà fọ̀ ọ́ dáadáa. Ásíìdì tó bá ṣẹ́kù yóò máa jẹ irin títí yóò fi dógùn-ún, pàápàá nínú afẹ́fẹ́ ọ̀sà Èkó yìí. Bó bá gbẹ, ẹ fi epo ẹ̀rọ díẹ̀ pa á.