Ọ̀pá Fly Onífáíbágíláàsì Olówó Pọ́ọ́kú fún Odò àti Adágún Àyíká Àbújá

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pá fly, èyí tí a fi ń ju kòkòrò àtọwọ́dá tó fúyẹ́ sí ẹja, pẹja ní Àbújá, tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò sì pọ̀, ọ̀pá onífáíbágíláàsì ni kí ó wá, kí ó fi ọ̀pá kábọ́ọ̀nù olówó pọ́ọ́kú sílẹ̀ fún ọlọ́jà. Mo ti lo oríṣi méjèèjì létí odò Gúrárà àti nínú adágún àwọn ọlọ́sìn ẹja tó gbà wá láyè ní apá Bwari, ohun tí mo sì rí níbẹ̀ ni mo gbé ìdájọ́ mi lé. Nínú ọ̀pá méjì tí owó wọn kéré bákan náà, ti fáíbágíláàsì, tí a máa ń pè ní gíláàsì lásán, ló máa ń ṣeé gbára lé. Ó ṣòro láti ṣe gíláàsì bàjẹ́ pátápátá, ṣùgbọ́n kábọ́ọ̀nù tí wọn kò náwó sí máa ń gan, bí òkúta bá sì gbá a lára báyìí, kò ní pẹ́ kán.

Ìdí tí gíláàsì fi bá omi wa mu wà nínú bí irú ìpẹja yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Kòkòrò àtọwọ́dá tí a fi ìyẹ́ adìẹ àti òwú dì mọ́ ìwọ̀ fúyẹ́ débi pé kò lè dá fò lọ síbi kankan, okùn tó nípọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń gbé e lọ, ọ̀pá sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lábẹ́ ìwúwo okùn náà kí ó tó lè tì í síwájú. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ọ̀pá ń sọ okùn tó yẹ ẹ́: mítà 9 àkọ́kọ́ nínú okùn nọ́ńbà 5 máa ń wọn nǹkan bí gíráàmù 9, ti nọ́ńbà 6 sì lé díẹ̀ ní gíráàmù 10. Ṣùgbọ́n létí Gúrárà, níbi tí koríko gíga àti igi wà lẹ́yìn ẹni, a kì í sábà rí àyè láti na gbogbo mítà mẹ́sàn-án náà jáde. Epìyà, tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí tìlápíà, máa ń wà nítòsí bèbè, lábẹ́ òjìji ewéko, níbi tí mítà 6 tàbí 7 okùn ti tó. Okùn kúkúrú bẹ́ẹ̀ kò lè tẹ ọ̀pá kábọ́ọ̀nù tó gan, ẹni tó mú un dání á wá máa fi agbára apá ṣe ohun tó yẹ kí ọ̀pá bá a ṣe. Ti gíláàsì ń tẹ̀ láti orí títí dé ìdí, kódà nígbà tí okùn tó wà níta kò pọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé gíláàsì jẹ́ ayédèrú kábọ́ọ̀nù. Òun ló kọ́kọ́ dé. Oparun tí wọ́n là sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n sì fi àtè lẹ̀ pọ̀, ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pá fly tó dára tẹ́lẹ̀, Ṣáínà sì ni oparun náà ti ń wá. Ilé-iṣẹ́ Shakespeare ní Amẹ́ríkà ti gbé ọ̀pá gíláàsì jáde ní ìparí àwọn ọdún 1940, nígbà tí Amẹ́ríkà sì dá òwò pẹ̀lú Ṣáínà dúró ní 1950, oparun di ọ̀wọ́n, gíláàsì sì gba ọjà. Àárín àwọn ọdún 1970 ni kábọ́ọ̀nù wá bẹ̀rẹ̀ sí í lé e sẹ́yìn, nítorí pé ó fúyẹ́ jù ú lọ, ó sì ń ju okùn jìnnà.

Ìṣòro ọjà wa nílé ni pé ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń tà ní ọ̀pá fáíbágíláàsì kì í ṣe ọ̀pá fly rárá. Èyí tó ń wọnú ara rẹ̀ bí eriali rédíò àtijọ́ ni wọ́n sábà máa ń kó wá, iṣẹ́ ìwọ̀ onílẹ́ẹ̀dì àti ekòló nìyẹn wà fún. Ibi tí ríìlì, ohun tí a ń ká okùn sí, ń jókòó sí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Lára ọ̀pá fly, ìsàlẹ̀ pátápátá ni ríìlì máa ń wà, ibi tí ọwọ́ ń dì mú á sì wà lókè rẹ̀. Bí ibi ìdìmú bá wà lókè ríìlì, tó sì tún gùn dáadáa kọjá sísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á, kódà bí ó bá búra.

Nítorí náà, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ wa ti ń rà á, tàbí kí a bẹ ará ilé tó ń bọ̀ láti òkè òkun pé kí ó bá wa mú un wá. Nínú àwọn tí owó wọn kéré jù, Featherlight ti Eagle Claw, ọ̀pá aláwọ̀ òfèéfèé tí gbogbo ẹni tó fẹ́ràn gíláàsì mọ̀, ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún olùbẹ̀rẹ̀. Owó rẹ̀ kì í sábà tó 50 dọ́là ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pá tí kò ní ọ̀ṣọ́ ni, ó wúwo díẹ̀ lọ́wọ́, ó sì pín sí méjì péré, èyí tó túmọ̀ sí pé ó máa ń gùn jù fún àpò ìrìn-àjò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá so okùn tó yẹ mọ́ ọn, ó ń ṣe gbogbo ohun tí adágún epìyà ń béèrè. River Glass ti Echo àti Butter Stick ti Redington fúyẹ́ jù ú lọ, wọ́n sì rọrùn láti dì, ṣùgbọ́n nígbà tí owó ọ̀pá kan bá ti tó nǹkan bí 200 dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a sì tún ṣírò owó ìkówọlé mọ́ ọn, n kò rò pé a tún lè pè é ní olówó pọ́ọ́kú fún ẹni tó ń gba owó oṣù ní náírà.

Nígbà tí ọ̀pá bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó tán. Ọlọ́jà kan fi èyí tí òrùka rẹ̀, ibi tí okùn ń gbà kọjá lára ọ̀pá, ti sán ránṣẹ́ sí mi, kò sì gbà á padà, bẹ́ẹ̀ ni irú òrùka bẹ́ẹ̀ á máa gé okùn díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ojú rí i. Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé mo máa ń ki òwú tí wọ́n fi ń nu ojú ọgbẹ́ gba inú òrùka kọ̀ọ̀kan, kí n sì yí i ká. Níbi tí sísán bá wà, fọ́nrán òwú á há síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, màá gbé ọ̀pá sójú oòrùn, màá sì máa yí i díẹ̀díẹ̀. Gíláàsì tó ti fara gbá ohun líle máa ń ní àmì funfun kékeré lábẹ́ ọ̀dà, bí ẹni fi ẹ̀fun kan ibẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sì ti kán lọ́jọ́ kan. Ẹ tún to ó pọ̀, kí ẹ mì í lẹ́ẹ̀mejì. Bí oríkèé rẹ̀ bá ń dún kẹ́kẹ́, wọn kò dá a pọ̀ dáadáa.

Lílo rẹ̀ ń fẹ́ sùúrù. Bí ẹni méjì tó ń gún iyán nínú odó kan ṣe máa ń dúró de ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni apá gbọ́dọ̀ dúró de okùn: ẹ gbé e sẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí ó nà tán lẹ́yìn yín, kí ẹ tó tì í síwájú. Ẹni tó bá fi ipá nà án, okùn á dì mọ́ ara rẹ̀ lójú òfuurufú. Ní àsìkò òjò àkọ́rọ̀, nígbà tí ikán abìyẹ́ bá tú jáde ní ìrọ̀lẹ́, epìyà máa ń gòkè wá jẹ wọ́n lójú omi, ìgbà náà ni ọ̀pá yìí dùn ún lò jù. Ẹ lo ìwọ̀ nọ́ńbà 12 (nọ́ńbà ìwọ̀ nìyí, kì í ṣe ti okùn) tí a fi ìyẹ́ adìẹ pupa láti ìsọ̀ àwọn alápatà adìẹ dì, àti okùn ìparí, èyí tẹ́ẹ́rẹ́ tí a so mọ́ ìwọ̀, tí kò nípọn ju mìlímítà 0.18 lọ, kí ẹ sì jẹ́ kí ó bà sórí omi jẹ́ẹ́. Nígbà tí ẹja tó tóbi díẹ̀ gbé e lójú èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kan tí a jọ ń gbé ní Kúbwà, ọ̀pá tẹ̀ títí dé ibi ọwọ́, ẹ̀gbọ́n mi pariwo pé, “Àbúrò, rọra o, igi yẹn fẹ́ dá!” Mo ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀gbọ́n, bí ó ṣe yẹ kó tẹ̀ nìyẹn.” Títẹ̀ yẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ já nígbà tí ẹja bá ta pọ́nún lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó ní àbùkù, ó sì yẹ kí a sọ ọ́. Nígbà ọyẹ́, bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti àríwá ìlà-oòrùn, ọ̀pá gíláàsì nọ́ńbà 5 kì í rọrùn láti jù sínú rẹ̀, àfi kí ẹ yí ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́ tàbí kí ẹ lo nọ́ńbà 6. Bí ẹni bá fẹ́ ju okùn ré kọjá mítà 18, á rẹ̀ ẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọwọ́ sì máa ń mọ ìwúwo rẹ̀ lára lẹ́yìn wákàtí díẹ̀.

Owó tó bá kù lẹ́yìn ọ̀pá, orí okùn ni kí ẹ ná an sí. Ríìlì olówó pọ́ọ́kú tó, nítorí pé fún ẹja kékeré, ibi ìkókùnsí lásán ni, ṣùgbọ́n okùn tí kò dára á rì, á sì máa lọ́ pọ̀ nínú ooru wa. Okùn tó ń léfòó, nọ́ńbà 5 tàbí 6 gẹ́gẹ́ bí ọ̀pá ṣe wí, ni kí ẹ rà.

Ẹ má fi ọ̀pá tó tutù sínú ike, omi tó bá há síbẹ̀ á bó ọ̀dà rẹ̀, ẹ má sì fi í sílẹ̀ nínú búùtù mọ́tò ní oṣù Kẹta. Páìpù omi láti ọjà Dei-Dei tí a gé gígùn rẹ̀, tí a sì fi ìdérí dí lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ni mo fi ń gbé tèmi, ó sì lágbára ju àpò tí wọ́n fi ránṣẹ́ lọ. Gíláàsì kì í gbé iná mànàmáná bíi kábọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n nígbà tí àrá bá ti ń sán, ẹ kúrò létí omi.

Ẹni tó ń lọ sí adágún Kainji nítorí giwan ruwa, ẹja ńlá tí àwọn Hausa fi erin sọ lórúkọ, kí ó má gbé ọ̀pá yìí lọ. Nọ́ńbà 8 sókè ni iṣẹ́ yẹn ń fẹ́, pẹ̀lú ríìlì tó ní bíréèkì gidi.