Àyẹ̀wò .NET: Iṣẹ́ Rẹ̀ Dára, Orúkọ Rẹ̀ Ló Ń Dani Láàmú

Nínú àwọn irinṣẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ sọ́fítíwíà ní Ilé-Ifẹ̀ ń lò, láti Mayfair títí dé inú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, .NET ti ilé-iṣẹ́ Microsoft, tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà àti ìkànnì, wà lára àwọn tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún. Ọ̀fẹ́ ni, ó yára, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Linux àti macOS. Bí wọ́n ṣe ń sọ àwọn ẹ̀dà rẹ̀ lórúkọ ni n kò lè gbóríyìn fún.

Ọdún 2002 ni .NET Framework àkọ́kọ́ jáde, Windows nìkan ni wọ́n sì ṣe é fún. Nígbà tí wọ́n ń tún un kọ láti ìpìlẹ̀ lábẹ́ orúkọ .NET Core, ASP.NET 5 ni wọ́n kọ́kọ́ pe apá tí a fi ń ṣe ìkànnì, kí wọ́n tó pa orúkọ náà dà sí ASP.NET Core 1.0 ní oṣù kìíní ọdún 2016, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àtúnṣe lásán sí ASP.NET 4.6 ni. Ìpinnu tó mọ́gbọ́n dání nìyẹn. Àmọ́ ní ọdún 2020, lẹ́yìn .NET Core 3.1, wọ́n fo 4 kọjá, wọ́n yọ Core kúrò, wọ́n sì pe èyí tó tẹ̀ lé e ní .NET 5, nígbà tí ASP.NET Core àti Entity Framework Core (èyí tí ètò fi ń bá ibi ìkó-dátà-sí ṣiṣẹ́) kò jọ̀wọ́ Core tiwọn. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n fún àbúrò ní orúkọ ẹ̀gbọ́n tó ṣì wà láyé, nítorí pé Microsoft ṣì ń tọ́jú .NET Framework 4.8 títí di òní.

Inú fáìlì iṣẹ́ (èyí tó ń sọ ẹ̀dà .NET tí ètò kan ń lò) gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti le jù. Bí ẹ bá rí net48 níbẹ̀, .NET Framework 4.8 ọdún 2019 ni, kò sì kúrò lórí Windows. Bí ẹ bá rí net8.0, .NET 8 tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2023 ni. Dọ́ọ̀tì kékeré yẹn ni akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ máa wò. Ìwé ìkọ́ni tí wọ́n kọ ASP.NET sí iwájú rẹ̀ láìsọ èyí tó jẹ́ lè máa kọ́ni ní Web Forms, ọ̀nà àtijọ́ tí a fi ń ṣe ìkànnì, tí kò sí nínú .NET tuntun rárá. (Ẹni tó bá ti fi dátà olówó gọbọi gba irinṣẹ́ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì nítorí irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò mọ ohun tí mò ń sọ.)

Láti .NET 5 wá, ọdọọdún ni ẹ̀dà kan ń jáde ní oṣù kọkànlá, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá sì pín sí méjì dọ́gba ń gba ìtọ́jú ọdún mẹ́ta. Ètò yìí wù mí. Mo fún irinṣẹ́ náà ní máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún, mo sì fún orúkọ rẹ̀ ní méjì. Kí ẹ tó sanwó fún kíláàsì kankan, ẹ ní kí olùkọ́ ṣí fáìlì iṣẹ́ tí yóò fi kọ́ yín.