Ẹ ṣọ́ra fún áàpù "tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ojú á mọ́": gbájúẹ̀ ni

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá ohun tẹ́ ẹ máa fi yọ ìrorẹ́ àti àbàwọ́n kúrò lára fọ́tò, ẹ dákun, ẹ má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ka tèmi ná. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, àmọ́ ìbínú mi ju ìtìjú lọ.

Fọ́tò tí a yà fún màmá mi kẹ́yìn kí wọ́n tó kú ni. Eruku ti wọ inú kámẹ́rà wa, ó sì fi àmì dúdú róbótó mẹ́rin sára ògiri ẹ̀yìn wọn. Ìrorẹ́ kan tún wà ní àgbọ̀n wọn. Kò ju ìyẹn lọ! Kí n kàn nù ún kúrò, kí n tẹ̀ ẹ́ jáde fún àwọn àbúrò mi, ni mo fẹ́.

Níbi tí mo ti ń wá ohun tí màá fi ṣe é ni mo ti rí fídíò ọkùnrin kan tó ń ta áàpù. Ojú kan kún fún ìrorẹ́, ó tẹ bọ́tìnnì kan, ojú náà ń dán. Mo bi í pé ṣé òun ló ṣe áàpù náà. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ọdún méjì gbáko la fi ṣe é. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa sanwó, ó di tiyín títí láé." Mo sanwó. Lójú ẹsẹ̀ ni mo sanwó! Mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Mo ṣí fọ́tò, mo tẹ bọ́tìnnì. Àwọn àmì ara ògiri ò lọ, ńṣe ni wọ́n rí bíi tàdáwà tí omi kán sí. Àmọ́ ojú màmá mi! Àmì ìbí dúdú tó wà lábẹ́ ojú òsì wọn, tí gbogbo wa fi mọ̀ wọ́n, ti pòórá. Irun ìpéǹpéjú lọ. Ìlà ẹ̀rín ẹ̀gbẹ́ ẹnu lọ. Ojú ọmọláńgidi ló kù, ó ń dán bí ike. Mo sì ti tẹ ibi tó ní kí n fi tuntun rọ́pò ti tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, mi ò sì ní ẹ̀dà mìíràn. Ẹ má wulẹ̀ bú mi, mo ti bú ara mi tó. Ta ló máa rò pé ohun tí òun fowó rà máa ba nǹkan òun jẹ́?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló wá wo inú mẹ́nù Help. GIMP ló kọ síbẹ̀. GIMP! Áàpù àtúnṣe fọ́tò tó ti wà láti 1996, tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́! Wọ́n kàn yí orúkọ àti àwòrán iwájú rẹ̀ padà. Bọ́tìnnì wọn yẹn, Despeckle ni, èyí tó ń nu àmì kéékèèké kúrò lára gbogbo fọ́tò lẹ́ẹ̀kan náà, ó ti wà nínú GIMP tipẹ́. Mo mọ̀ pé òfin GIMP ò ní kí èèyàn má tà á. Irọ́ tó pa pé ọdún méjì lòun fi ṣe é ló wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Nígbà tí mo kọ̀wé sí i, ó ní mi ò mọ̀ ọ́n lò ni. Mi ò mọ̀ ọ́n lò! Ló bá bulọ́ọ̀kì mi.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan la ń yọ àbàwọ́n fọ́tò. Nínú GIMP, ẹ tẹ lẹ́tà H, Heal nìyẹn. Ẹ di Ctrl mú, ẹ tẹ ibi tí ara ti mọ́ nítòsí, kẹ́ ẹ wá fi kun orí àbàwọ́n náà. Á bá àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ mu. Irú rẹ̀ ti wà nínú Photoshop, áàpù àtúnṣe fọ́tò ti ilé iṣẹ́ Adobe, láti 2002. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ ṣe ẹ̀dà fọ́tò yín. Ẹ ṣe méjì.

Ẹni tó bá sì ní òun ń ta Photoshop tuntun tẹ́ ẹ máa sanwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan títí láé, irọ́ ló ń pa. Láti 2013 ni Adobe ti sọ ẹ̀dà tuntun di ohun tí èèyàn ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù tàbí lọ́dọọdún. Ní tèmi o, mi ò gba ìkankan nínú àwọn tó ń ta áàpù fọ́tò gbọ́ mọ́. Gbogbo wọn pátá.

Ìwọ tó o tà á fún mi, tó o bá ń ka èyí, o mọ ara rẹ. Owó, o lè dá a padà. Àmì abẹ́ ojú màmá mi ńkọ́?