Páwà báǹkì 50,000mAh tí mo rà: iye tó wà lára ẹ̀ kọ́ ló wà nínú ẹ̀

Télọ̀ ni mí n'Íbàdàn. Orí fóònù làwọn oníbàárà mi ń fi sítáìlì ránṣẹ́ sí, ibẹ̀ náà ni mo ti ń rí i bí wọ́n bá sanwó. Tí fóònù bá ti kú, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Ládùúgbò wa, wọ́n lè mú iná láàárọ̀ Mọ́ńdè kó má dé títí di Wẹ́sìdeè. Ìdí tí mo fi ná ₦18,500 sórí páwà báǹkì yìí nìyẹn.

Ìpolówó kan ló fà mí. Ọmọkùnrin kan gbé e lọ́wọ́, ó ní téèyàn bá ṣáàjì ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀sẹ̀ kan gbáko lèèyàn á fi lò ó. Lẹ́tà gàdàgbà ni wọ́n fi kọ 50,000mAh síwájú páálí, wọ́n tún kọ ọ́ sára ẹrù fúnra ẹ̀. mAh yẹn ni wọ́n fi ń ka iye iná tí bátìrì lè gbà.

5,000mAh ni bátìrì fóònù mi. Mo ṣáàjì páwà báǹkì mọ́jú, mo wá ki fóònù tó ti wálẹ̀ dé 4% bọ̀ ọ́. Ó kún. Lẹ́ẹ̀kejì, láti 5%, ó dé 27%, páwà báǹkì kú. Mo rò pé èmi ni mi ò ṣe é dáadáa. Mo tún un dán wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ibì kan náà ló ń já sí. Mo mọ̀ pé iná máa ń ṣòfò kó tó dénú fóònù, n ò retí ìgbà mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ó yẹ kó tó ìgbà méje.

Bọ̀dá tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ló ní kí n yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò. Tọ́ọ̀ṣì la fi rí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, ó kéré bí ẹsẹ̀ èèrà: "Rated capacity: 5,200mAh", ìyẹn iye iná tó lè gbé jáde. Ó ṣàlàyé fún mi pé fóltì (V) ni agbára tó ń ti iná jáde: 3.7V ni bátìrì inú ẹ̀, 5V ló sì ń gbé jáde; bí fóltì bá ga sí i, mAh á dín kù, ìyẹn ni iye tó ń jáde kì í fi í tó iye tó wà nínú. Ojúlówó 10,000 sábà máa ń gbé nǹkan bí 6,000 jáde. Àmọ́ láti 50,000 wálẹ̀ dé 5,200? Òfò kọ́ nìyẹn, irọ́ ni.

A tún gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n ìyá oníkéèkì. Gíráàmù 262. Bátìrì roboto tí wọ́n sábà ń tò sínú irú ẹ̀, ọ̀kan máa ń wọ̀n ju gíráàmù 40 lọ, èyí tó dáa jù nínú wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ju 3,500mAh lọ. Kó tó lè pé 50,000, ó máa gbà tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìyẹn ju gíráàmù 600 lọ, ká má tíì ka ike ara ẹ̀.

Irọ́ yẹn lè kó bá èèyàn níbòmíì o. Àbúrò mi fẹ́ mú un wọ bàálù lọ Àbújá. Wh ni wọ́n fi ń ka agbára bátìrì níbẹ̀: téèyàn bá fi 3.7V sọ 50,000mAh di púpọ̀, tó wá pín in sí 1,000, 185Wh ló jẹ́, bẹ́ẹ̀ wọn kì í gbà kéèyàn gbé ohun tó bá ju 160Wh lọ wọ bàálù. Ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀ ni wọ́n máa kà ní pápákọ̀, wọn ò ní mọ̀ pé òfìfo ni.

Mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á fún mi. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, orúkọ mọ́dẹ́ẹ̀lì ni 50,000 yẹn, kì í ṣe iye iná." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju owó lọ. Mọ́dẹ́ẹ̀lì wo ló ń jẹ́ mAh? Nígbà tí mo dárúkọ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà, ó búlọ́ọ̀kì mi. Òfin 2018 tó dá àjọ yẹn sílẹ̀ kò fàyè gba kí oníṣòwò parọ́ nípa ọjà rẹ̀. Mo ti fi ẹjọ́ sùn wọ́n, mo so fọ́tò iwájú, ti ẹ̀yìn àti ti orí òṣùwọ̀n mọ́ ọn.

Tọ́ọ̀ṣì ara ẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, wáyà ẹ̀ náà nípọn. Síbẹ̀, ìràwọ̀ kan nínú márùn-ún ni mo fún un, nítorí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ti ń tọ́jú owó oúnjẹ ẹ̀ pa mọ́ láti ra irú ẹ̀, torí pé ó rí i lọ́wọ́ mi. Ọpẹ́ ni pé mo tètè dá a dúró.

Àwa méjèèjì ti wá ra 10,000mAh, ₦12,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí n tó sanwó, mo yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò: 6,000mAh. Ó kún fóònù mi lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì ó gbé e dé 46%.