Ṣọ́ọ̀bù ṣárítì tí mo kó kóòtù Màámi lọ ní Peckham

Oṣù Kẹwàá ni Màámi dé sí Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù wá bá mi tọ́jú ọmọ tuntun, oṣù Kẹta ni wọ́n padà sí Agége. Kóòtù mẹ́ta la rà fún wọn láàárín ìgbà yẹn, torí òtútù ìlú yìí ò mọ àgbà. Ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, wọ́n tẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní, "Ọmọ mi, kí ni mo fẹ́ fi èyí ṣe nílé?"

Mo kó wọn pọ̀ mọ́ aṣọ tó ti kéré jù fún àkọ́bí mi, àti gáùn mẹ́rin tí kò gbà mí mọ́ látìgbà tí mo ti bímọ. Báàgì Ghana-must-go kan kún dẹ́nu.

Nílé tiwa, aṣọ ọmọ kì í kúrò nínú ẹbí. Tẹ̀gbọ́n mi ni mo wọ̀ dàgbà, àbúrò mi sì wọ tèmi. Àwọn àgbà kì í sì í fẹ́ kí aṣọ ẹni dé ọwọ́ ẹni tí a ò mọ̀ rí, nítorí ohun tí aráyé lè fi ṣe. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi ti wà ní Houston báyìí, àbúrò mi ò tíì bímọ, yàrá méjì péré ni ilé wa sì ní. Àwọn kan a máa sọ pé ọ̀pọ̀ aṣọ ló ń mú kí èèyàn kó aṣọ sílẹ̀ níbí. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ì bá jogún aṣọ yẹn lára wa ni kò sí nítòsí mọ́.

Ibi àpótí irin tí wọ́n ń ju aṣọ sí, ní ibi ìgbọ́kọ̀sí kan, ni mo kọ́kọ́ gbé e lọ. Àpótí ti kún. Báàgì bíi mẹ́fà wà nílẹ̀, òjò ti pa wọ́n, bàtà ọmọdé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo wà nínú ẹrẹ̀. Mo gbé ẹrù mi padà sílé. Ní ti nylon tí wọ́n máa ń jù sẹ́nu ọ̀nà wa pé ká kó aṣọ sí, mi ò ní fi nǹkan kan sínú èyí tí kò bá ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ṣárítì, ìyẹn ẹgbẹ́ aláàánú, lára, torí a lè yẹ nọ́ńbà yẹn wò lọ́dọ̀ Charity Commission, àjọ tó ń mójú tó wọn, lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára tó bẹ́ẹ̀. Òkìríkà ni Màámi tà ní Katangowa tí wọ́n fi rán wa níwèé. Ẹ ò ní lè tú bélì, ìyẹn ìdì aṣọ ńlá tí wọ́n fi okùn dì, wò kí ẹ tó sanwó. Bí wọ́n bá ti gé okùn rẹ̀, aṣọ tí wọ́n ti fún pọ̀ á wú bí ìyẹ̀fun tó ń ru, gbogbo wa á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà. Ìjọba Nàìjíríà fòfin de kíkó àlòkù aṣọ wọlé, síbẹ̀ ó ń gba Kútọnu wọlé. Tí a bá wá rí kóòtù òtútù nínú bélì, Màámi á kàn dákẹ́. Owó ti wọgbó nìyẹn. Ta ló fẹ́ rà á nínú oòrùn yẹn? Ohun tí wọ́n sì sọ fún mi lórí fóònù nìyí: "Má jẹ́ kí kóòtù yẹn bọ́ sínú bélì o. Wá ibi tí ẹni tí òtútù ń mú á ti rí i rà."

Bí mo ṣe dé ṣọ́ọ̀bù yìí nìyẹn, níbi tí wọ́n ti ń ta ohun táwọn èèyàn bá fi tọrẹ, kí owó rẹ̀ lè lọ sí ṣárítì. Màmá ará Jàmáíkà kan ló wà ní kàǹtà. Wọn kì í sanwó fún wọn, ńṣe ni wọ́n yọ̀ọ̀da ara wọn. Wọn ò kàn gba báàgì kí wọ́n tì í sẹ́yìn. Wọ́n yọ aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n na apá kóòtù, wọ́n fa síìpù lọ sókè fà á wálẹ̀, wọ́n ki ọwọ́ bọ gbogbo àpò. Nínú kóòtù aláwọ̀ ewé, wọ́n yọ tíṣù kan tí wọ́n ká, wọ́n nà án sí mi láì tú u. Orógbó méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan ti ní ojú eyín. Màámi máa ń jẹ ẹ́ nínú bọ́ọ̀sì 36 bí a bá ń gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́. Mo dúró síbẹ̀ fúngbà díẹ̀, màmá yẹn náà ò kán mi lójú.

Wọ́n dá gáùn méjì tó ní àbàwọ́n padà fún mi. Wọ́n ní báwọn bá gbà á, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra àkísà níwọ̀n kílò ló máa já sí. Òótọ́ tí wọ́n sọ yẹn wù mí. Mo ti gé méjèèjì, mo fi ń nu ilẹ̀. Wọn kì í gba píllò àti dúfé tí a fi ń bora sùn.

Torí pé mo ń san owó orí, wọ́n ní kí n kọ fọ́ọ̀mù Gift Aid: lórí gbogbo £1 tí wọ́n bá pa, ìjọba á fi 25p kún un fún ṣárítì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje, lẹ́tà dé pé ẹrù mi pa £38, ìyẹn ni pé £9.50 tún wọlé lórí rẹ̀.

Àlèébù tiwọn ni pé àtẹ̀gùn wà lẹ́nu ọ̀nà, kò rọrùn fún ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ, wọn kì í sì í gba ẹrù lẹ́yìn aago mẹ́rin. Mo tún rí kóòtù aláwọ̀ ewé yẹn lójú fèrèsé wọn, £18 ni wọ́n kọ sí i. Ó dùn mí díẹ̀, torí ẹni tí òtútù ń mú gan-an lè má rí £18. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn.

Mo pe Màámi, mo sọ iye náà fún wọn. Wọ́n ṣírò rẹ̀ sí náírà, wọ́n béèrè bóyá síìpù rẹ̀ ṣì dáa. Mo ní ó dáa. Màámi ní, "Wọn ò gbówó lé e jù. Kóòtù gidi ni."