Mo Gbé Ẹ̀yìn Ríro Lọ Bá Chiropractor ní London: Ohun Tí Mo Rí Gbà, Ohun Tí Mi Ò Gbà

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún ilé iṣẹ́ chiropractor tí mo lọ, ìyẹn àwọn tó ń fi ọwọ́ tẹ ọ̀pá ẹ̀yìn àti oríkèé láti tọ́jú ìrora. Ọwọ́ ọkùnrin tó tọ́jú mi ló gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́. Méjì tó kù, ẹnu wọn ló gbà á lọ́wọ́ wọn. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n gúúsù London níbí ni wọ́n wà.

Iṣẹ́ kíà, títọ́jú àwọn arúgbó àti aláìlera, ni mò ń ṣe. Ẹ̀yin tá a jọ ń ṣe é mọ ohun tí mò ń wí: ẹ gbé bàbá láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga, ẹ yí màmá sí ẹ̀gbẹ́ kí ẹ lè pààrọ̀ aṣọ fún wọn, ẹ̀rọ tó yẹ kó máa bá yín gbé wọn sì ti bàjẹ́ tipẹ́. Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn mi lápá ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, débi pé bí mo bá jókòó sínú bọ́ọ̀sì, iṣẹ́ ńlá ni dídìde. Mo fi Aboníkì pa á, mo mu paracetamol, kò gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìbàdàn ní, "Àbúrò, ṣé o ò lọ́mọ nílé ni? Ní kó gun ẹ̀yìn ẹ!" Àwa náà ṣáà gun ẹ̀yìn bàbá wa rí. Ṣùgbọ́n ọmọ tèmi ti di géńdé, bó bá gun ẹ̀yìn mi, ọ̀rọ̀ á di ti ọkọ̀ pàjáwìrì. Dókítà kọ mí ránṣẹ́ sí físíò NHS, àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara nílé ìwòsàn ìjọba, ìlà wọn gùn. Ẹni tá a jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ ló ní kí n lọ rí chiropractor.

Pọ́n-ùn 65 ni wọ́n gbà fún ìgbà àkọ́kọ́, pọ́n-ùn 45 fún àwọn tó tẹ̀ lé e.

Ohun tí mo kọ́kọ́ yìn wọ́n fún ni ìbéèrè. Ọkùnrin náà ò fọwọ́ kàn mí títí tó fi béèrè bóyá ìtọ̀ ń jáde geere, bóyá àárín itan mi kò kú, bóyá mo ti ní jẹjẹrẹ rí, bóyá mo ń lo oògùn tó ń mú kí eegun tètè ṣẹ́. Ìbéèrè wọ̀nyẹn ṣe kókó. Bí àárín itan bá kú, tí ìtọ̀ sì sé tàbí tó ń dà fúnra rẹ̀, nǹkan ti tẹ àwọn iṣan ìmọ̀lára tó wà nísàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ nìyẹn. Ilé ìwòsàn pàjáwìrì lẹ máa gbà lọ, lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ ẹ̀yìn yín láì béèrè ìyẹn, ẹ wọ bàtà yín kí ẹ máa lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìtọ́jú náà ṣe rí, torí àwọn fídíò orí TikTok ti kó jìnnìjìnnì bá àwọn èèyàn. Ó ní kí n fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀. Mo na ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀, mo ká ti òkè kí ọmọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lè há sẹ́yìn orúnkún ìkejì, mo ká ọwọ́ méjèèjì lé àyà. Ó fi ọwọ́ kan di èjìká mi mú, ó fi apá kejì tẹ ìbàdí mi, ó ń yí mi díẹ̀díẹ̀ títí ara mi fi lọ́ dé ibi tí kò lè lọ́ kọjá mọ́. Ó ní kí n mí síta. Kí n tó mí tán, ó ti fi ara rẹ̀ tì mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ̀yìn mi sì dún pàpàpà. Títì yẹn kì í pé ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Bó ṣe yá ni kò jẹ́ kí iṣan ráyè le láti dènà rẹ̀. Kò dùn mí. Mo kàn pariwo "Jésù!" ni, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tí mo dìde, mo tẹ̀ ba láti di okùn bàtà mi láì di ògiri mú. Ká má purọ́, ara tù mí.

Ibẹ̀ ló yẹ kó dákẹ́ sí. Ṣùgbọ́n ó nawọ́ sí ọ̀pá ẹ̀yìn oníke kan tó so kọ́ ògiri, ó ní eegun mi kan ló ti yẹ̀, òun ti dá a padà sáyè, ariwo tí mo gbọ́ yẹn ni ẹ̀rí. Mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé.

Láàárín eegun méjì tó pàdé ní oríkèé, omi yíyọ̀ kan wà tí kì í jẹ́ kí wọ́n ha ara wọn. Bí wọ́n bá fa oríkèé náà ya lójijì, ihò afẹ́fẹ́ kan á ṣí nínú omi náà. Lọ́dún 1971, àwọn olùwádìí ní ìgbà tí ihò náà bá wó ló ń dún. Nígbà tó di 2015, àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Alberta ní Kánádà fa ìka ẹnìkan nínú ẹ̀rọ MRI tó ń ya àwòrán inú ara, wọ́n sì ń ya fídíò rẹ̀. Wọ́n rí i pé ìgbà tí ihò náà ń ṣí gan-an ni ariwo ń jáde. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi lè tẹ ìka kan kó dún lẹ́ẹ̀mejì léra wọn. Ó máa ń tó nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kó tó tún lè dún. Afẹ́fẹ́ lásán ni gbogbo pàpàpà tí mo gbọ́.

Ti eegun tó yẹ̀ ńkọ́? Ìwádìí kékeré kan wáyé ní Sweden, ó jáde ní 1998, lórí èèyàn mẹ́wàá tí oríkèé ìbàdí ń dà láàmú. Wọ́n fi bọ́ọ̀lù irin tín-ín-tìn-ìn-tín sínú eegun wọn kí àwòrán lè fi hàn bí eegun bá sún. Wọ́n tẹ̀ wọ́n, wọ́n yàwòrán, eegun ò kúrò níbi tó wà. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé nígbà tí wọ́n fọwọ́ yẹ àwọn èèyàn náà wò lẹ́yìn ìtọ́jú, àyẹ̀wò ọwọ́ ní ó ti tọ́.

Kí ló wá mú ara tù mí? Àlàyé tó bọ́gbọ́n mu jù lójú mi ni pé ọ̀rọ̀ iṣan ìmọ̀lára ni. Títì òjijì yẹn ta àwọn iṣan tó yí oríkèé ká jí, wọ́n ránṣẹ́ sí ọpọlọ, iṣan ẹran tó ti dì pa á sì dẹ̀ díẹ̀. Fún ìgbà kúkúrú, ara máa ń fara da ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kì í pẹ́. Ẹ̀yìn mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í le kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Àwọn ìwádìí ńlá sì bá ohun tí ara mi sọ mu. Lọ́dún 2017, ìwé ìṣègùn JAMA kó ìwádìí 26 jọ lórí ẹ̀yìn ríro tí kò tíì pẹ́ lára. Ìtọ́jú yìí dín ìrora kù ní nǹkan bíi 10 lórí òṣùwọ̀n 100, tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó ṣeé rí, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Fún ìrora tó ti di bárakú, BMJ, ìwé ìṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé tirẹ̀ jáde ní 2019, ìwádìí 47, èèyàn tó lé ní 9,000. Wọ́n ní kò fi bẹ́ẹ̀ ju àwọn ìtọ́jú míì tí àwọn dókítà ń dámọ̀ràn lọ, bí eré ìdárayá, kò sì burú jù wọ́n lọ. Ní òpin 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé náà kà á mọ́ ohun tí wọ́n lè fi tọ́jú ẹ̀yìn ríro bárakú. Níbí, NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú fún NHS, gbà á láyè láti 2016, bí eré ìdárayá bá wà nínú ìtọ́jú náà. Ẹ ṣàkíyèsí ìyẹn. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi lọ síbẹ̀, kò sẹ́ni tó fi eré ìdárayá kan hàn mí.

Ohun tí wọ́n fi hàn mí ni páálí ìpolówó. Ìtọ́jú ìgbà 24, ẹ sanwó lẹ́ẹ̀kan, ẹ gba ẹ̀dínwó, X-ray wà nínú rẹ̀. Ọmọbìnrin tó wà níwájú ti tẹ́ ẹ̀rọ ìgbowó síwájú mi kí n tó wọ kóòtù tán. NICE kan náà ní kí wọ́n má kàn máa ya àwòrán fún ẹ̀yìn ríro lásán, nígbà tí kò sí àmì ewu. Mo ní mi ò ṣe. Látìgbà náà, àtẹ̀jíṣẹ́ wọn ò jẹ́ kí fóònù mi sinmi.

Ìwé kan tún wà lára ògiri wọn tó ní títẹ ọ̀pá ẹ̀yìn máa ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, asthma, àti inú rírun ọmọ jòjòló. Eléyìí ló mú mi bínú, torí mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, mo sì mọ iye àwọn tiwa tó ń wá ìdí láti pa oògùn wọn tì. Lọ́dún 2010, ìwádìí tí General Chiropractic Council, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn chiropractor níbí, fúnra rẹ̀ sanwó fún jáde. Kò rí àǹfààní kankan fún asthma. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò tíì le, títẹ ò fi nǹkan kan kún ohun tí oúnjẹ tó bójú mu ń ṣe. Ọdún yẹn kan náà ni ẹgbẹ́ àwọn chiropractor ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáwọ́ nínú ẹjọ́ tí wọ́n pe òǹkọ̀wé Simon Singh, ẹni tó kọ ọ́ pé kò sí ẹ̀rí fún ìlérí tí wọ́n ń ṣe lórí ọmọdé.

Àṣejù ẹnu yìí ò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Daniel David Palmer, tó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Davenport, ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1895, sọ pé òun tẹ ẹ̀yìn Harvey Lillard, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ń tún ilé ṣe níbẹ̀, etí rẹ̀ tó ti di sì là. Iṣan etí ò gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn kọjá rárá.

Lọ́jọ́ kejì ìtọ́jú àkọ́kọ́, gbogbo ẹ̀yìn mi ro bí ẹni tó ro oko. Ó lọ kó tó di ọjọ́ kẹta. Ó wọ́pọ̀, nǹkan bí ìdajì àwọn tí wọ́n ń tẹ̀ ló ń rí irú rẹ̀.

Ọrùn ni mi ò gbà. Ó fẹ́ yí i, mo ní rárá, kò sì jiyàn. Òpó ẹ̀jẹ̀ méjì ló gba inú ihò eegun ọrùn lọ sí ọpọlọ. Bí ara òpó náà bá ya, ẹ̀jẹ̀ lè dì níbẹ̀ kó sì fa rọpárọsẹ̀. Kì í wọ́pọ̀. Ìwádìí kan láti Ontario ní 2008 tiẹ̀ fi hàn pé àwọn tó ní irú rọpárọsẹ̀ yìí ti lọ rí dókítà lásán náà kó tó ṣẹlẹ̀, bóyá torí pé òpó tó ti ń ya ló ń fa ọrùn ríro tó gbé wọn lọ. Síbẹ̀, ní 2014, American Heart Association, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àìsàn ọkàn ní Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n sọ ewu náà fún èèyàn kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ ewu náà sílẹ̀. Òun ò sọ nǹkan kan.

Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ló ń ro yín, tí ẹ sì lówó rẹ̀, ẹ lọ lẹ́ẹ̀mélòó kan. Bí kò bá sí ìyàtọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ìtọ́jú ìgbà 24 ò ní mú un wá. Físíò àti osteopath, tí òun náà ń fọwọ́ tọ́jú eegun àti iṣan, ń ṣe irú títẹ̀ kan náà. Físíò NHS tèmi ti dé báyìí, obìnrin kan tó fi eré ìdárayá mẹ́ta há mi lọ́wọ́, mo sì ń ṣe wọ́n lórí kápẹ́ẹ̀tì kí n tó lọ síbi iṣẹ́ alẹ́. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún chiropractor níbí, ẹ wá orúkọ rẹ̀ nínú ìwé General Chiropractic Council lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òfin 1994 ni kò jẹ́ kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni àyẹ̀wò náà.