Ìpàdé lọ́yà ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún àwa obìnrin ní Mushin

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí bóyá kẹ́ ẹ lọ, ẹ lọ jàre. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn.

Wọn ò kàn sọ pé "ẹ kó jáde nílé ọkọ tó ń lù yín" kí wọ́n máa lọ, èyí tí gbogbo wa ń bẹ̀rù àtibéèrè gan-an ni wọ́n sọ: tí obìnrin bá wá gbẹ̀san ńkọ́? Lọ́yà ìyá àgbà kan ló ṣàlàyé ẹ̀, Yorùbá tó já gaara. Wọ́n ní tó bá ń fún ẹ lọ́rùn lọ́wọ́, tí ẹ̀mí fẹ́ bọ́, tí ò sọ́nà àtisá, òfin gbà kó o gbèjà ara ẹ, kódà kó yọrí sí ikú. Àmọ́ tó bá lù ẹ́ tán tó lọ sùn, tó o wá gbé omi gbígbóná dà sí i lára, ìyẹn ti kúrò ní ìgbèjà ara ẹni o. Tó bá jẹ́ inú ló ru lójijì, tí ò tíì rọlẹ̀ tó o fi pa á, kóòtù lè sọ ọ́ di manslaughter, ìyẹn ìpànìyàn tí ẹ̀bi ẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, dípò ìpànìyàn tí wọ́n ń yẹgi fún, ẹ̀wọ̀n gbére ṣì lè wà níbẹ̀ sha. Gbogbo họ́ọ̀lù dákẹ́.

Wọ́n mẹ́nu ba Kiranjit Ahluwalia ní England, tó dáná sun ọkọ ẹ̀ lójú oorun ní 1989 lẹ́yìn ìyà ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n kọ́kọ́ jù ú sí, ní 1992 kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fagi lé e, ó sì padà sílé lọ́dún yẹn náà. Àmọ́ ẹ má gbójú lé ìyẹn, ti òyìnbó ni.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni ti pọlíìsì. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní o lè dákẹ́ títí lọ́yà ẹ á fi dé, ṣùgbọ́n àwa obìnrin, ká tó débẹ̀ la ti ń sunkún "ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ èṣù ni", wọ́n á sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ kíá! Ẹni tí ò lówó, Office of the Public Defender, ọ́fíìsì lọ́yà ti ìjọba Èkó, ò gba kọ́bọ̀. Òfin Èkó ti 2007 sì wà tí kóòtù lè fi dá ọkọ lẹ́kun kọ́rọ̀ tó dà báyẹn.

Ìràwọ̀ kan tí mo yọ: gbohùngbohùn ni wọ́n ní ká fi béèrè ìbéèrè, níwájú àwọn aládùúgbò! Ta ló fẹ́ ṣèyẹn? Fóòmù wọn náà, Òyìnbó ni látòkè délẹ̀.

Ẹ tètè lọ o, àga ò tó.